Ọjà tí kò yege: ta ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí i kí ó tó jáde?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ọ̀gá ẹ̀ka àyẹ̀wò ọjà ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń fi ike ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Bí mo bá dá ọjà dúró, ẹ̀ka ìpèsè a ní mo ń dí àwọn lọ́wọ́. Bí ọjà bá jáde tí oníbàárà dá a padà, èmi náà ni wọ́n ń pè sí ìpàdé. Ní òpin oṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdì ọjà kan kò yege, ṣùgbọ́n kí n tó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀, ọ̀gá àgbà ni ó sì ní kí wọ́n kó o. Ṣé èmi ni n kò mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni, àbí bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá mi lóhùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n dúró ni tàbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn.

* * *

Èsì àkọ́kọ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti sọ fún yín, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín sí. Àwọn kan ní kí ẹ sọ àwọn ará ẹ̀ka ìpèsè di ọ̀rẹ́, kí ẹ máa rìn yíká ìdí ẹ̀rọ dípò kí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní kí ẹ le, kí ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn yòókù ní kí ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Kò sí èyí tó burú pátápátá nínú wọn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, gbogbo wọn fo ohun tí ẹ bi wá dá. Ẹ sọ pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà kò yege, ọjà sì jáde. Ẹnìkan ló ṣe ìpinnu yẹn, orúkọ ẹni náà kò sì sí nínú ìwé kankan. Nítorí náà, bí ọjà bá padà wálé, orúkọ kan ṣoṣo tí wọn yóò bá nínú fáìlì ni tiyín.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ. N kò rò pé ó yẹ kí inú bí wa nítorí pé ọ̀gá kò gba ìmọ̀ràn wa. Ọ̀gá ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ tẹnu wa kí ó sì gba ọ̀nà mìíràn, torí òun ló mọ àdéhùn tó wà láàárín òun àti oníbàárà, òun ló sì mọ bí àpò ilé-iṣẹ́ ṣe rí. Ohun tó ń tánni ní sùúrù ni kí a máa jíhìn fún ohun tí a kò ní àṣẹ lé lórí, kí a dá ọjà dúró lánàá, kí a sì wá máa ṣàlàyé lónìí ìdí tí ọjà kan náà fi dé ọwọ́ oníbàárà.

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan ná. Nígbà tí ẹ bá ti sọ pé ọjà kan kò gbọdọ̀ jáde, ibo ni wọ́n ń gbé e sí, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ìwé pupa nìkan ni ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ láàárín àwọn ẹrù tó kù, ẹ kò tíì dá a dúró. Mo ti rí i tí wọ́n ṣí ìwé pupa kúrò lára ẹrù nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń fi iṣẹ́ lé àwọn ti òru lọ́wọ́, tí wọ́n ká a sí mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ti ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ń mì. Ẹni tó ṣe é kò gbèrò ibi. Wọ́n ní ọkọ̀ ń dúró, ó rí ẹrù tí wọ́n ti dì, ó sì gbé e.

* * *

Èsì kejì

Ẹnìkan dáhùn pé ìbínú wa pọ̀ jù, pé dídára ọjà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka kan, iṣẹ́ gbogbo wa ni.

Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń sọ ọ́. Ní 1924, Walter Shewhart, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ya àtẹ kan ní ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà, èyí tí a fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lórí ẹ̀rọ, kí a lè mọ̀ pé nǹkan ti ń yí padà kí àléébù tó kún ilẹ̀. Ní 1986, nínú kókó 14 tí W. Edwards Deming, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n yé gbójú lé àyẹ̀wò, kí wọ́n ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ dídára mọ́ ọjà náà lára. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò ní ìparí kò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí gbólóhùn yẹn máa ń jáde. Bí a bá ń pín owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, tàbí tí a bá fẹ́ ra ohun ìdiwọ̀n tuntun, ẹ̀ka àyẹ̀wò ni kí ó lọ wá owó rẹ̀. Bí ọjà bá bàjẹ́, iṣẹ́ gbogbo wa ni, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí oníbàárà sì jẹ́ iṣẹ́ tèmi nìkan. Nígbà tí wọ́n tún ISO 9001, ìlànà àgbáyé lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń bójú tó dídára ọjà, ṣe ní 2015, wọ́n yọ òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ yan ẹnìkan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn gbé ẹrù náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀, oyè náà kúrò lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n fáìlì kò kúrò lórí tábìlì ẹni tó ń gbé e tẹ́lẹ̀.

* * *

Èsì kẹta

Ẹ jẹ́ kí n mú àríyànjiyàn kan tí kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjà 3,000 wà nílẹ̀, òpin oṣù sì ni. Ìlànà ISO 2859-1, tó dá lórí ṣíṣa díẹ̀ yẹ̀wò nínú ọjà, ní ìpele àyẹ̀wò kejì tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, ní kí a ṣa 125 nínú rẹ̀. Bí a bá ti fẹnu kò sí AQL 1.0 (AQL ni òdiwọ̀n àléébù nínú ọgọ́rùn-ún tí ìlànà náà fi ń pinnu ibi tí a ó ti kọ ọjà), a ó gba ìdì ọjà náà bí èyí tó ní àléébù kò bá ju 3 lọ, a ó sì kọ̀ ọ́ bí ó bá di 4. A ṣa á, a rí 4. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀ka ìpèsè ni pé, “Ẹ lọ ṣa 125 mìíràn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, bí ẹni pé òdodo ló ń wá. Àmọ́ n kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní kí a lọ ṣa 125 mìíràn nígbà tí a bá rí 3. Bí a bá ń tún àyẹ̀wò ṣe kìkì nígbà tí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ni lọ́rùn, tí a kò sì dúró títí yóò fi tẹ́ni lọ́rùn, ọjà tó burú yóò yege nígbẹ̀yìn, nítorí orí-ire nìkan ni a ń wá. Ohun tí ìlànà gbà láyè ni pé kí a yẹ gbogbo 3,000 náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a yọ èyí tó ní àléébù tàbí kí a tún un ṣe, kí a tó gbé e padà wá. Àwọn tó ń bá wa jiyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò gba òru kan gbáko, ọkọ̀ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé AQL 1.0 fi hàn pé oníbàárà ti gbà kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bàjẹ́. Rárá o. Nọ́ńbà yẹn ni a fi ń mọ iye tí a ó ṣà àti ibi tí a ó ti kọ ọjà. Kò fún ẹni tó ń ta ọjà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹyọ kan tó bàjẹ́ ránṣẹ́. Kódà bí ìdì náà bá yege pẹ̀lú àléébù 3, mẹ́ta tí a rí yẹn kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kí a máa yẹ gbogbo ọjà wò nígbà gbogbo, tí ẹ ní ìyẹn ni yóò pa àríyànjiyàn run, ṣé ẹ ti jókòó sábẹ́ iná funfun rí, tí ẹ ń yí ẹ̀yà ara dúdú kékeré kan lọ́wọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán? Ojú yóò máa wò ó, kò ní rí i mọ́.

* * *

Èsì kẹrin

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí a fi ń bá ara wa jà lórí nǹkan tí kò tó ìbú irun orí.

Ó dára. Mo dúró ti fóómaànù kan lọ́jọ́ kan. Ọ̀pá ike kékeré kan ni, ìbú rẹ̀ lórí àwòrán sì jẹ́ mílímítà 12.00, pẹ̀lú àyè 0.05 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó fi kálípà, irin ìwọ̀n tó ń fi ẹnu méjì gbá nǹkan mú, wọ̀n ọ́n, ó rí 12.07. Ó fi àtàǹpàkò ti ẹnu kálípà náà díẹ̀ sí i, ó di 12.06. Ó yí ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún tì í títí tí abẹ́ èékánná rẹ̀ fi funfun, ó di 12.05. Ó wá gbé e sókè sí mi lójú, ó ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí?”

Mo rí i. Ike máa ń súnkì bí a bá tẹ̀ ẹ́. N kò pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́, nítorí bí èmi náà bá mú kálípà yẹn, ó ṣeé ṣe kí n rí nọ́ńbà mìíràn. Nítorí irú èyí ni a fi ń yẹ ohun ìdiwọ̀n fúnra rẹ̀ wò: a ó mú òṣìṣẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀yà ara mẹ́wàá, kí olúkúlùkù wọn wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìmọ ohun tó rí tẹ́lẹ̀. Nínú ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ń tẹ̀lé, bí ìyàtọ̀ tó ti inú ìwọ̀n jáde kò bá tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun ìdiwọ̀n náà dára. Láti 10 sí 30, ó kù sí irú iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá ju 30 lọ, kò yẹ kí a máa fi í ṣe ìdájọ́ lórí ọjà rárá. Bí a bá ti ṣe èyí tán, ìjà tó wà láàárín èmi àti fóómaànù máa ń rọlẹ̀, nítorí a ó rí i pé kálípà ni a ń bá jà.

Ní ti pé 0.02 kò jẹ́ nǹkan kan, ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ a máa fi àyè tó há jù sórí ohun tí kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ni àwòrán ni kí a lọ bá kí ó tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ òru kò lè fi àtàǹpàkò rẹ̀ tún un ṣe.

* * *

Èsì karùn-ún

Ọ̀rọ̀ ti ń yà sí ibòmíràn, àwọn kan sì ti ń sọ pé gbogbo wàhálà wa kò ju pé àwọn òṣìṣẹ́ kò bìkítà mọ́. N kò gbà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé, òun ló rọrùn jù láti kọ sínú fọ́ọ̀mù, òun ni kì í sì í yanjú nǹkan kan.

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìlà funfun bíi fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọjà, àwọn kan sì ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ wọ́n. Òru ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìwé àtúnṣe àkọ́kọ́ sọ pé òṣìṣẹ́ kò kíyè sí i, a ó tún un dá lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dá a lẹ́kọ̀ọ́, ó fọwọ́ sí i, ìlà funfun padà wá. Wọ́n tún kọ ọ́ pé kí a dá a lẹ́kọ̀ọ́. Fọ́ọ̀mù kún fáìlì, gbogbo rẹ̀ ní déètì àti ìfọwọ́sí, ẹni tó wá láti ìta láti yẹ ìwé wa wò sì yìn wá pé a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ dáadáa.

Polyamide ni ike náà, ó sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí a kò bá gbẹ ẹ́ tó kí a tó yọ́ ọ, omi yẹn yóò hó di ooru omi nínú ẹ̀rọ, yóò fa ìlà sára ọjà, yóò sì sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni a fi ń gbẹ irú èyí tí a ń lò, ní ìwọ̀n ooru 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Agbada tí a fi ń gbẹ ike gba 100 kìlógíráàmù. Nígbà tí ẹ̀rọ ń jẹ 25 kìlógíráàmù ní wákàtí kan, gbogbo ike tó wọlé ń lo wákàtí mẹ́rin nínú agbada kí ó tó dé ibi yíyọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka ìpèsè mú kí ẹ̀rọ yára sí i, wọ́n sì gba ìyìn fún un nínú ìpàdé. Ẹ̀rọ wá ń jẹ 40 ní wákàtí kan. Ẹ fi 40 pín 100: wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni ike ń lò nínú agbada. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń dá ẹ̀rọ dúró láti pààrọ̀ nǹkan tàbí láti jẹun, nítorí náà ike máa ń rí àyè gbẹ díẹ̀ sí i; lóru, ẹ̀rọ kì í sinmi. Kò sí ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ òṣìṣẹ́ òru tí yóò sọ wákàtí méjì ààbọ̀ di mẹ́rin.

Nígbà tí mo gbé ìṣirò yìí kalẹ̀, kò sí ẹni tó bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó agbada tuntun kò sí nínú ìwé ìnáwó ọdún yẹn. Ó dára, kí ẹ̀rọ padà sí ìyára àtijọ́. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe, torí wọ́n ti ṣèlérí iye ọjà tuntun fún oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ yìí fi ń súni, ibẹ̀ yẹn ni: kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tó fà á, kí fọ́ọ̀mù sì tún sọ pé a ó dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́.

* * *

Èsì kẹfà

Mo kàn fẹ́ fèsì kúkúrú fún ẹni tó sọ pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò láti ìta bá ń bọ̀ ló burú jù. Fún èmi, ọ̀sẹ̀ yẹn ló dùn jù nínú ọdún. Ilẹ̀ yóò mọ́, ìwé pupa yóò dúró níbi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn ọ̀gá yóò sì dá ìwé mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo bá kọ ọ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

* * *

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ béèrè

Ẹ ṣeun. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà pé bí ó bá fẹ́ kí ọjà tí mo dá dúró jáde, kí ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò ní àkókò fún ìwé kíkún, pé kí n máa fọwọ́ sí i lórúkọ òun. Ẹnìkan nínú yín náà sì sọ pé ìfọwọ́sí tí mo ń wá kiri yìí, ara mi ni mo kàn ń wá ọ̀nà láti bò. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Èsì keje

Ẹ má fọwọ́ sí i lórúkọ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí ISO 9001 ti 2015 sí abala 8.7, kí ẹ mú un lọ bá a, bí ilé-iṣẹ́ yín bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó ka ohun tí a lè ṣe sí ọjà tí kò yege: kí a tún un ṣe, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a sọ fún oníbàárà, tàbí kí a gba àṣẹ láti jẹ́ kí ó jáde bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí àkọsílẹ̀ wà lórí àléébù náà, lórí ohun tí a ṣe sí i, lórí ìyọ̀ǹda tí a gbà, àti lórí ẹni tó ní àṣẹ tó ṣe ìpinnu náà. Ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ fi ń wá oníbàárà. Abala kan náà kan ọjà tí a rí àléébù rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jáde, nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí i lórí ìdì ọjà ti òpin oṣù yẹn pẹ̀lú, kí ẹ béèrè ẹni tí yóò sọ fún oníbàárà.

Ní ti pé ara yín lẹ ń bò: bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí náà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Níbi kan tí a ti fi ìlà orúkọ sórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀bẹ̀ “ẹ jẹ́ kó máa lọ” dín kù kíákíá, nítorí ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá wo ọjà náà. Àwọn ìgbà mìíràn, yóò gbé fóònù, yóò bi oníbàárà, oníbàárà yóò sì ní kí wọ́n máa kó o bọ̀, pé ibi tí àléébù náà wà kò ní hàn. Inú mi máa ń dùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí ọjà jáde.

Ẹ bi wá bóyá kí ẹ dúró. Bí wọ́n bá ń gba orí yín kọjá, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ara wọn sí i, ẹ dúró, kódà bí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú wọn; ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ 12.07 di 12.05 nínú ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí fọ́ọ̀mù yín má ṣe ju ojú ewé kan lọ: ohun tó yẹ kí ó jẹ́, ohun tí a rí, iye ọjà àti nọ́ńbà àwọn páálí rẹ̀, ohun tí oníbàárà sọ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó ní kí ó jáde. Ẹ̀yin ni kí ẹ kún gbogbo rẹ̀, àyàfi ìlà tó gbẹ̀yìn. Kí ọjà sì wà níbi tí a tì í mọ́ títí ìlà yẹn yóò fi kún, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ka yín lọ́sàn-án àti lóru. Bí ọ̀gá bá wà ní ìrìn-àjò, kí ó fi ímeèlì dáhùn pé òun gbà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ so ó mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Ìyẹn kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó tún fi ọ̀rọ̀ àkókò lé yín kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀.